Màmá Kò Mú Ìwé Dání

Mukono, Ùgáńdà. Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Òjò òru àná sọ ọ̀nà iwájú ilé wa di ẹrẹ̀ pupa, kò sì sí ọlọ́kadà kankan (boda-boda ni wọ́n ń pè é níhìn-ín) tí ó gbà láti gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo bá fẹsẹ̀ rìn ín. Lẹ́bàá oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwa pàdé, ó wọ gomesi, aṣọ gígùn tí èjìká rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Mo kí i pé, "Wasuze otya, nnyabo," mo sì béèrè ibi tí ó ń lọ. "Okusoma" ni ó fi dá mi lóhùn, èyí tí mo mọ̀ sí ìwé kíkà. Agboòrùn nìkan ni ó mú dání. Mo wá bi í bóyá tíṣà rẹ̀ a máa wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mú.

Alàgbà kan ni ó là mí lọ́yẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) ti dé ààfin Mutesa, Kabaka, ìyẹn ọba, Buganda, ní 1877, tí Mackay, míṣọ́nnárì wọn, sì ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ìpín Ìhìnrere ní èdè Luganda, ìwé kíkà àti ìsìn ti so pọ̀ débi pé "abasomi", àwọn òǹkàwé, ni wọ́n ń pe àwọn onígbàgbọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí: ẹgbẹ́ CMS kan náà ni ó rán Townsend sí Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nílé wa sọ pé òun ń lọ kàwé nígbà tí ó ń lọ sí ìsìn. Níhìn-ín, orúkọ náà ná àwọn kan ní ẹ̀mí wọn, nítorí ní 1886 ni Kabaka Mwanga ní kí wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Namugongo.

Nígbà tí a ń ka Sáàmù, èmi tí mo di Bíbélì mú ni mò ń kọsẹ̀ lórí gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn. Màmá dijú, ó ń kà á lórí lọ geerege.

Lọ́sàn-án, mo bá a bó matooke, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, tí yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ó kọ́kọ́ da òróró sí mi lọ́wọ́ kí oje rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ mi, ó wá yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn tíṣà ọjọ́ Ìsinmi náà láti ìbẹ̀rẹ̀.