Ẹ Jẹ́ Kí Ìlù Mọ Ìgbà Tí Yóò Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ orin fún eré orí ìtàgé, ẹ má ka ìyáàlù sí ohun tó kàn ń dún lẹ́yìn òṣèré. Òṣèré ni òun náà. Bí ó bá ń fọhùn nígbà tí ọba ń sọ̀rọ̀, ti ìlù ni àwọn àgbà tó jókòó níwájú máa gbọ́.

Mo rí i níbi eré kan. Olorì ń sunkún ọkọ rẹ̀, ilé ti pa rọ́rọ́, ni ọmọ tó ń lu gángan bá fi ìlù bèèrè pé, "Iyán ti délẹ̀, ọbẹ̀ dà?" Àwọn tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín. Òṣèrébìnrin náà rò pé gèlè òun ló tú. Bí ẹ bá kàn kọ "ìlù dún" sínú ìwé eré, onílù á sọ ohun tó wù ú, kò sì jẹ̀bi. Bí òǹkọ̀wé ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ òṣèré ni mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìlù: ibi tí yóò ti wọlé, ohun tí yóò wí, ibi tí yóò ti panu mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń jókòó ti onílù, nítorí ó máa ń mọ ọ̀nà tó dùn ju tèmi lọ láti sọ ọ́.

Ẹ mọ ìlù tó ni ẹni tó ń bọ̀. Ìgbìn ni ti Ọbàtálá, àgẹ̀rẹ̀ ni ti ọdẹ. Nínú Ọba Kò So, eré olórin nípa Ṣàngó tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963, tó sì gbé dé Berlin ní 1964, bàtá ló ń bá Ṣàngó rìn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni Ládípọ̀ ti ń kọrin tẹ́lẹ̀. Nígbà tó mú ìlù wọ orin Àjíǹde, àwọn kan fajúro. Ó dára tí kò gbọ́ tiwọn.

Ní ti ohùn orin, ẹ ní kí òṣèré kọ́kọ́ sọ ìlà náà bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ gbà á sórí fóònù. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti gòkè, ẹ má jẹ́ kí orin wálẹ̀ níbẹ̀, kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ má baà yí padà. Àwọn orin ìsìn tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ ṣì ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Orin tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ìran, lílé àti ègbè ni kí ẹ fi ṣe é: kí ẹnì kan lé e, kí àwọn yòókù gbè é. Ọba tó ń wá fìlà rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìtàgé kò mọ̀ pé orin yín ti fẹ́ parí. Alélé lè máa fà á lọ títí ó fi máa yọjú. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà: kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bákan náà, orin ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹgbẹ́ eléré Hubert Ògúndé sọ di olókìkí pẹ̀lú orúkọ "opening glee", ẹ má kó kókó ìtàn sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń wá ìjókòó nígbà náà.

Owó ńkọ́? Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn onílù sí i. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún nínú orin mi, àwọn ni wọ́n mú un wá síbi ìdánrawò.