Ẹsẹ̀ Kan Péré

Láti alẹ́ àná tí mo ti kúrò ní pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì tí ọmọ mi ń lọ níhìn-ín ní Texas, inú mi kò tíì rọ̀.

Eré ti ń parí lọ nígbà tí ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fò sókè ní igun pápá, tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà. Ibi tí mo jókòó sí kò jìnnà rárá: mo rí i bí ṣóńṣó bàtà rẹ̀ ṣe tẹ koríko àtọwọ́dá, tí àwọn hóró rọ́bà dúdú wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sì ta sókè kí ó tó ṣubú kọjá ìlà funfun. Ní bọ́ọ̀lù yunifásítì, ẹsẹ̀ kan nínú pápá ti tó kí bọ́ọ̀lù tí ènìyàn mú tó kà. NFL, ìyẹn líìgì àwọn tí ń gbá a fún owó, ni ó ń béèrè ẹsẹ̀ méjì.

Síbẹ̀, rẹfirí ní ó ti jáde. Wọ́n yẹ fídíò wò, àwa náà ń wò ó lórí ojú ẹ̀rọ ńlá, a sì ń pariwo, àfi bí ó ṣe kéde pé ìdájọ́ àkọ́kọ́ dúró. Mo mọ òfin náà dáadáa: fídíò gbọ́dọ̀ fi àṣìṣe hàn láìsí iyèméjì kí wọ́n tó yí ìdájọ́ padà. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí ó ta yẹn ńkọ́? Láti ọdún 2004 tí Big Ten, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdíje àwọn yunifásítì kan, ti gbé àyẹ̀wò fídíò wọ eré yunifásítì, kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ ṣáà ni.

Ọmọ náà lọ jókòó, ó fi aṣọ ìnura bo orí. Ó dùn mí wọra.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣojú yín rí?