Ìlà omi tó wà lára ògiri Àǹtí mi

Àǹtí mi tó ń gbé Ganaja ní Lọ́kọ́jà fẹ́ kun pálọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kun ibi tí ìlà yẹn wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò yẹn á ti mọ ìlà tí mò ń sọ. Ó pupa rúsúrúsú, ẹrẹ̀ ló fà á, ó ga tó ibi tí wọ́n fi kàlẹ́ńdà kọ́. Omíyalé 2022 ló fi síbẹ̀. Ti 2012 náà wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kùn ún pa, nígbà tí 2022 wá dé kò sẹ́ni tó rántí ibi tí tàkọ́kọ́ ga dé, orí tábìlì ni wọ́n kó gbogbo ẹrù sí, omi sì bá ẹrù níbẹ̀.

Ìtàn erékùṣù kan ní Indonéṣíà, Simeulue, ló wà lọ́kàn mi tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní December 26, 2004, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun nítòsí Sumatra, agbára ẹ̀ tó 9.1 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀, ó ti ìsàlẹ̀ òkun sókè, omi orí ẹ̀ bá gbéra, ó ń sáré bí ẹ̀rọ òfuurufú, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ láàárín agbami lè má tiẹ̀ mọ̀, ìgbà tó bá sún mọ́ èbúté ló ń dìde bí ilé. Àwọn tó kú lé ní 220,000, láti Aceh ní Sumatra dé Síríláńkà dé Íńdíà, ó pa èèyàn dé Sòmálíà nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Aceh, obìnrin tó kú pọ̀ ju ọkùnrin lọ, torí ilé ni wọ́n wà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Èyí ló dùn mí jù.

Àmọ́ ní Simeulue, tó sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì gan-an, èèyàn 7 péré ló kú nínú bíi 78,000. Irú omi yẹn ti pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ ní 1907, látìgbà náà ni àwọn ìyá àgbà ti ń fi kọrin fọ́mọ, smong ni wọ́n ń pe irú omi náà: tílẹ̀ bá mì gidi, tí òkun wá fà sẹ́yìn, má dúró ṣa ẹja o, òkè ni kó o sá gbà. Odò Ọya tiwa ń fún wa lọ́jọ́ mélòó kan ká tó kẹ́rù, tiwọn ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Àǹtí dákẹ́ títí, wọ́n ní ó dáa, wọ́n mú máákà kọ "2022" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà fúnra wọn. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, wá dúró ti ògiri, ó ní ṣé omi ga jù mí lọ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ sókè, ó tún fi ìka ẹsẹ̀ dúró, ọwọ́ ẹ̀ ò kàn án.