Àyẹ̀wò ọdún mi: kẹ́místrì, ìtàn àti ìkòkò aró

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Ti owó kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Èyí tó wọlé àtèyí tó jáde, wọ́n mọ ara wọn. Kíláàsì àkànṣe tí wọ́n mú mi sí lọ́dún yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Wọ́n ṣa akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì wọn dára jọ láti ẹ̀ka oríṣiríṣi, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé wa lọ́wọ́ fún odindi ọdún. Tiwa ni aró. Kò sẹ́ni tó dín kọ́ọ̀sì ẹ̀ka wa kù o!

Níbẹ̀rẹ̀, ariwo lásán ni. Èmi ọmọ kẹ́místrì ń sọ tèmi, ọmọ ọrọ̀-ajé ń sọ ti iye owó, kálukú gbà pé ti òun lọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí a lọ bá ìyá aláró kan nítòsí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lọ̀rọ̀ yí padà. Ìyá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. A ń wò ó, ó ń di búlúù lójú wa. Mo ti kà á nínú ìwé: aró ẹlú kì í yòrò nínú omi lásán, omi eérú àti kíkan tó ń kan nínú ìkòkò ló ń jẹ́ kó wọnú òwú, atẹ́gùn ló sì ń dá a padà sí búlúù. Ni mo bá ń ṣàlàyé. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Èwo nínú ìkòkò méjì yìí ló ti tó rẹ aṣọ?" Ẹnu mi wọhò. Ó tẹrí sẹ́nu ìkòkò kejì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó di ọ̀la.

Ọmọ ẹ̀ka ìtàn ló bi í nípa sóòdà, ìyẹn caustic soda tí wọ́n ń lò dípò omi eérú. Ìyá ní sóòdà àti aró òyìnbó lòun fi ń ṣe ti ọjà. Ẹni tó bá dìídì béèrè lòun ń po ẹlú fún. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sóòdà àti aró òyìnbó, nítorí ìráhùn pé aṣọ Abẹ́òkúta kò dára mọ́, àwọn aláró sì kọ̀ jálẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mò ń wọ̀n nínú ife ní yàrá àyẹ̀wò ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọba àtàwọn obìnrin ìlú rí.

Ìdánwò nìkan ló ń dùn mí. Ní kọ́lẹ́jì Swarthmore ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń ṣe irú ètò yìí láti 1922, àwọn olùdánwò láti ìta ló ń wá bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Àwa, ìwé la kọ, ẹni tó kọ́ wa náà ló máàkì rẹ̀. Ìwé wo ló fẹ́ gba òórùn ìkòkò aró?

CGPA mi, ìpíndọ́gba máàkì mi, já wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lókè 4.50 tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà first class. Màmá mi ní, "Ṣé aró la ní kí o lọ kà ni? Ṣé wọ́n á fìyẹn gbà ẹ́ síṣẹ́?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ibi tí omi sóòdà yẹn ń ṣàn lọ lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo fẹ́ tọpa. Ọmọ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ní òun máa wá bu erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ìyá aláró gbà, wọ́n kàn ní ká má wá lọ́jọ́ ọjà ni.