Ọdún mẹ́ta lábúlé òyìnbó: ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pé ọdún mẹ́ta lábúlé kan nítòsí Leominster, ní Herefordshire. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àbúrò kan tó ń ti Birmingham bọ̀ wá ṣiṣẹ́ kíà (ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn) lọ́dọ̀ wa bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Uber wà níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ti òtútù, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ayé, mi ò ní í sọ ọ́; nǹkan mẹ́ta mìíràn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Èkíní. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà, inú rẹ̀ náà ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wà. Ṣọ́ọ̀ṣì wà, ilé ọtí wà. Ẹ ó rí àpótí tẹlifóònù pupa lẹ́bàá ọ̀nà, àmọ́ tẹlifóònù ti kúrò nínú rẹ̀; ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jí ọkàn tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Kò sí iná ojú títì.

Èkejì. Gáàsì inú páìpù ò dé abúlé wa. Kẹrosíìnì ló ń mú ilé gbóná, nínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ kẹrosíìnì! Àwọn tó ń gbé e wá kì í sábà já ohun tó bá dín ní 500 lítà, ẹ má dúró dìgbà tó bá tán.

Ẹ̀kẹta ni láísẹ́ńsì, ẹ jẹ́ kí n jókòó ti èyí.

Oṣù 12 péré ni wọ́n gbà kí ẹ fi láísẹ́ńsì Nàìjíríà wakọ̀ níhìn-ín, láti ọjọ́ tí ẹ ti wá ń gbé ìlú yìí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án bá àwọn onítakisí Micra du ọ̀nà ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, òyìnbó wo ló fẹ́ dán mi wò? Ìgbà tí mo lo oṣù mẹ́wàá ni mo tó wá ọjọ́ ìdánwò, oṣù márùn-ún sí i ni wọ́n fún mi. Ọ̀gá wa mọ ọjọ́ tí mo dé, kò sọ nǹkan kan. Inú ṣì ń bí mi.

Bí mo ṣe gbé ọkọ̀ jókòó nìyẹn, tí mo di èrò bọ́ọ̀sì. £2 ni owó ọkọ̀ nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ló ń kọjá, kì í wá ní Sọ́ńdè. Ìrọ̀lẹ́ kan ní February 2024, mo dúró de ti aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, èyí tó kẹ́yìn. Orí fóònù ni ojú mi wà, mò ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bọ́ọ̀sì dé, ó kọjá lọ. Mi ò nawọ́! Bí ẹ ò bá nawọ́ níhìn-ín, dẹ́rẹ́bà ò ní dúró.

Máìlì mẹ́rin ló kù dé ilé màmá kan tí mo ń tọ́jú, ẹni ọdún 91. Ó ti ní kí n máa pe orúkọ òun, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Aago mẹ́fà ló yẹ kí n gbé e dìde lórí àga. Mo fẹsẹ̀ rìn, kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, igi ọgbà ga ju orí lọ lọ́tùn-ún lósì, jákẹ́ẹ̀tì dúdú ló wà lọ́rùn mi. Nígbà tí iná mọ́tò bá yọ, mo á há ara mi mọ́ inú ẹ̀gún. Ẹ̀gún ya ọwọ́ mi méjèèjì.

Aago méje ni mo wọlé. Tíì ọ̀sán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fẹnu kàn án, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n. Ìtọ̀ ti gbọ̀n ọ́n náà, ó ti tọ̀ sára. Ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tí kò tan, ó ní, "Má sọ fún ọmọ mi."

Mo wẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n gé wákàtí iṣẹ́ mi lóṣù yẹn. Mo kùnà ìdánwò àkọ́kọ́, n kì í wo dígí.

Àbúrò mi ti Birmingham, ọjọ́ wo lo wọ ìlú yìí? Ka oṣù rẹ̀ lónìí, kí o tó di èrò bọ́ọ̀sì bíi tèmi.