Ọ̀fìnkìn Lẹ́yìn Kìlómítà 32

Ọjọ́ Ajé, ìdájí

Ó tún ti dé. Ojú mi ò tíì là tán tí mo ti mọ̀, torí itọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé mì lọ bí ẹni gbé yanrìn mì. Ihò imú ọ̀tún ti dí pa. Ẹsẹ̀ méjèèjì wúwo bí òpó, àmọ́ ti ẹsẹ̀ yé mi: kìlómítà 32 ni mo sá lánàá, ta ló máa sá ìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní ráhùn? Ti ọ̀fun ni ò yé mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́rin, ọjọ́ Ajé ló sì máa ń jẹ́, lẹ́yìn eré gígùn ọjọ́ Àìkú.

Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí kóòṣì: “Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀fun ń dùn mí, imú mi dí. Ṣé kí n jáde lónìí?”

Wọ́n dáhùn kíá. “Ṣé ara rẹ gbóná? Àyà ńkọ́? Ṣé ò ń wúkọ́?”

“Rárá, sà.”

“Bó bá mọ lókè ọrùn, o lè rìn díẹ̀. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, tàbí ara gbóná, o ò gbọdọ̀ wọ bàtà.”

Mo ti mọ òfin ọrùn yìí tipẹ́. Àrùn tó ń mú ara gbóná lè ràn mọ́ iṣan ọkàn, ẹni tó bá sì ń fi ọkàn tó wú sáré, ikú ló ń bá ṣeré. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í bá wọn jiyàn lórí ibà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn wọlé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀: “Kí lo jẹ lánàá?”

Mo dojú fóònù dé.

Ọjọ́ Ajé, nǹkan bí aago mẹ́wàá

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níbí kí n tó sọ ọ́ fún wọn. Mi ò jẹ nǹkan kan kí n tó jáde lánàá. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, inú mi ló ń bà mí lẹ́rù. Lóṣù tó kọjá, inú run mí lójú ọ̀nà débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yà sígbó (ẹni tó bá ń sáré gígùn mọ irú ìtìjú tí mò ń sọ). Látìgbà náà ni mo ti pinnu pé ohun tí kò wọlé kò lè jáde. Omi lásán ni mo gbé dání. Mo tún gbé ibuprofen, oògùn ìrora, méjì mì nítorí orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu. Ní kìlómítà 24, inú bẹ̀rẹ̀ ìyọnu rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Nígbà tí mo délé, òórùn oúnjẹ ń rí mi lára, mo bá lọ sùn. Ó di alẹ́ kí n tó jẹun gidi. Òru tó ṣáájú eré náà, wákàtí márùn-ún péré ni mo fi sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ apòògùn pè mí láàárọ̀ yìí. Ohùn mi ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí léèrè. Mo rò fún wọn.

“Ibuprofen? Lórí ikùn òfìfo? Fún eré wákàtí mẹ́ta?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Àbúrò mi, ṣé o fẹ́ dá ìfun ara rẹ lu ni?”

Àsọdùn ni, àmọ́ àsọdùn náà ò pọ̀. Nígbà téèyàn bá ń sáré gidi, ẹ̀jẹ̀ kì í tó gbogbo ibi tó ń bèèrè rẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ ń fẹ́, ọkàn ń fẹ́, awọ ara tó ń làágùn náà ń fẹ́. Inú ni wọ́n máa ń fi dù. Bí eré bá le, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ìfun lè dín kù tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun á wá máa fara pa. Wọ́n fara ti ara wọn típẹ́típẹ́ bí èèyàn tó tò sórí ìlà, ìdè tó so ọ̀kan mọ́ èkejì ló sì ń tú. Bí eré bá ti kọjá wákàtí méjì, pàápàá nínú ooru, èérún ara bakitéríà tó yẹ kó jókòó sínú ìfun lè jò sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn sójà ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, á gbọ́ ìró, wọ́n á gbé ogun dìde síbi tí ogun ò sí tẹ́lẹ̀. Ibuprofen ní tirẹ̀ ń pa ìrora, ó sì tún ń dí ohun tí ìfun fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́. Orúnkún mi dákẹ́ lánàá lóòótọ́. Ìfun ló san owó rẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ebi tí mo fi ń pa ara mi kò gbà mí lọ́wọ́ nǹkan kan. Jíjẹ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ padà sí ìfun, ó sì ń dín ìfarapa yẹn kù. Ó tún ń jẹ́ kí cortisol, omi ara tó máa ń pọ̀ nígbà ìnira, má ga jù. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sáré. Mo lè sọ bí ọkàn mi ṣe lù ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan lánàá. Inú, níbi tí apá tó pọ̀ jù nínú àwọn sójà ara kó bárékè sí, ni mo ń bá lò bí ọ̀tá.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sán

Oorun ò wá, mo bá tún padà sídìí àríyànjiyàn kan tó ti pẹ́: ṣé eré líle ló ń jẹ́ kí ọ̀fìnkìn múni? Ní 1987, olùwádìí kan, David Nieman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin (marathon) ti Los Angeles. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé eré náà, ìdá 12.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó sá a sọ pé ọ̀fìnkìn tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ mú àwọn. Láàárín àwọn asáré ẹgbẹ́ wọn tí kò kópa, ìdá 2.2 péré ni. Ọ̀rọ̀ pé eré líle máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún àrùn, láti wákàtí díẹ̀ títí dé nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, wá gbilẹ̀. Ẹ̀rí kan tí wọ́n ń tọ́ka sí ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan máa ń kún inú ẹ̀jẹ̀ nígbà eré, wọ́n á sì wálẹ̀ lójijì láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, títí wọ́n á fi kéré ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ní 2018, àwọn olùwádìí méjì, John Campbell àti James Turner ti Yunifásítì Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní rárá o. Bí mo bá fi ẹnu tèmi sọ ọ́: pé títì dá kò túmọ̀ sí pé ará ìlú ti kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ti jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun, ibi tí ọ̀tá ti lè gbà wọlé. Wọ́n tún rán wa létí pé ọ̀pọ̀ àìsàn tí àwọn asáré sọ pé ó mú àwọn, ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò.

Ti Bath ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fun mi ò tíì ka ìwé wọn. Eré nìkan kọ́ ló ń mú èèyàn. Ẹni tó ń lọ sáré ńlá á sùn díẹ̀, á wọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, á wà láàárín èrò tó ń húkọ́ sí i lára, á sì máa ṣàníyàn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015, wọ́n kán kòkòrò ọ̀fìnkìn sí imú èèyàn 164 tí ara wọn le. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ bó ṣe mú àwọn tí kì í sùn tó wákàtí mẹ́fà ju àwọn tó ń sùn ju méje lọ. Ẹ rántí wákàtí márùn-ún mi.

Ebi náà ńkọ́? Ní 2014, Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé sọ ọ́ ketekete pé eléré ìdárayá tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó ohun tó ń sun dànù, àti egungun, àti nǹkan oṣù, àti agbára ìdènà àrùn rẹ̀ ló ń kó sí wàhálà. Fítámì C táwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé bí ẹ̀pà ní ìwọ̀nba tirẹ̀. Nínú àkójọ ìwádìí lórí èèyàn 598 tí iṣẹ́ wọn le, asáré ọ̀nà jíjìn, àwọn tó ń sáré lórí yìnyín àti sójà, lílò ó déédéé dín ọ̀fìnkìn kù sí nǹkan bí ìdajì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ará ilé tó jókòó. Àmọ́ mi ò rò pé ó lè rọ́pò abọ́ oúnjẹ tí mo sá fún.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín lónìí ni ti eku. Àwọn olùwádìí gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó sá eré Boston ní 2015, ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì rí i pé bakitéríà kan tó ń jẹ́ Veillonella ń pọ̀ sí i lẹ́yìn eré. Lactate tí iṣan ń tú jáde nígbà iṣẹ́ líle ni oúnjẹ rẹ̀. Eku tí wọ́n fún ní bakitéríà yìí fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún sá pẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Eku ni o. Kẹ́nikẹ́ni má tíì tà á fún mi nínú ìgò.

Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun kan. Ọ̀pọ̀ bakitéríà rere inú wa ń jẹ fáíbà, ohun tí ikùn wa ò lè dà nínú èso, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Wọ́n á sọ ọ́ di butyrate, tí sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá fi ń ṣe oúnjẹ. Ó dáa gan-an, láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀. Lóṣù tó kọjá, ní alẹ́ Sátidé tó ṣáájú eré tó gbé mi wọgbó, abọ́ ẹ̀wà ńlá kan ni mo jẹ, mo tún fi ẹ̀fọ́ lé e. Fáíbà yẹn ṣì wà nínú ìfun nígbà tí ẹ̀jẹ̀ sá kúrò níbẹ̀. Nítorí abọ́ kan tí mo jẹ lákòókò tí kò yẹ ni mo ṣe dá gbogbo oúnjẹ lẹ́bi.

Ọjọ́ Ajé, alẹ́

Mo rin ogún ìṣẹ́jú, mo jẹ ìrẹsì àti ẹyin, mo jẹ ẹ́ yó. Lẹ́yìn náà ni mo tó dá kóòṣì lóhùn.

“Mi ò jẹ nǹkan kan, sà.”

“Mo ti mọ̀. Bí o ṣe dákẹ́ láàárọ̀ ti sọ fún mi.”

Wọ́n ní inú ń kọ́ṣẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan kí n tó jáde lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn náà 30 gíráàmù ṣúgà láàárín wákàtí kan, kí n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi ní ogún ogún ìṣẹ́jú. Bó bá ti mọ́ mi lára, a ó gbé e dé 60. Àwọn ògbóǹtarìgì ń dé 90, àmọ́ wọ́n ń po oríṣi ṣúgà méjì, glucose àti fructose, pọ̀ ni, torí ilẹ̀kùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà kúrò nínú ìfun yàtọ̀, ti glucose nìkan sì máa ń kún ní nǹkan bí 60.

“Ibuprofen ńkọ́, sà?”

“Kó o fún ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Ihò imú òsì náà ti dí báyìí. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù, mo ti pa iná.