Màmá wa ní Ẹ̀gbẹ̀
Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì wá.

A sin Màmá lánàá. Ìyá tó bí wọn wà lára àwọn tó gbọ́ ìwàásù lẹ́nu Titcombe, òyìnbó Kánádà tó dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ìgbàgbọ́ náà sì wọ Màmá lára ṣinṣin. Lẹ́yìn àdúrà ìdájí, fúláàsì ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n máa ń gbé lọ sí ọsibítù ìjọ ECWA, fún aláìsàn tí kò ní ẹbí nítòsí. Kírísítẹ́nì o, Mùsùlùmí o, gbogbo wọn ni wọ́n ń bu fún.

Lánàá, obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì: “Ẹ̀kọ Màmá ni mo mu lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí mi.” Ọmọ náà dúró tì í, géńdé ọkùnrin. Ni gbogbo wa bá bú sẹ́kún.